Ẹlírí Létí Omi

Adébánjí pé ẹni àádọ́rin ọdún ní 2008. Ó ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹyọ kan bá ti tó. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi bá àwọn awọnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́. Òun kọ́ ni awọnlẹ̀ gan-an. Òun ni ẹni tó ń di orí okùn mú. Nígbà tí wọ́n ń wọn ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ Festac lé, ó wọ inú àbàtà dé ìbàdí, ó gbé ọ̀pá alámì pupa àti funfun lé èjìká. Ó mọ ibi tí ilẹ̀ ti le níbẹ̀, ó sì mọ ibi tí ó ti ń tan èèyàn jẹ. Lẹ́yìn náà ìjọba fún un ní fúláàtì oníyàrá méjì nínú kúlóòsì kan, òpópónà kékeré tí kò já, ní Festac, ó sì ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú Yétúndé, ìyàwó rẹ̀, láti ìgbà náà. Àwọn ọmọ wọn mẹ́ta ti dàgbà, wọ́n ti lọ sí ilé wọn.

Ẹni tó bá rí Adébánjí lọ́nà kò ní mọ̀ pé ó ti kọ́ ọmọdé rí. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1994 títí di oṣù kẹfà ọdún 2001, òun ni olùkọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nínú ìjọ wọn. Àwọn ọmọ náà kì í pè é ní olùkọ́. Bàbá Ẹlírí ni wọ́n ń pè é.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kó fún un gbẹ bí ẹja orí àjà. Ó kà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn ọmọ ń sùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ó pa ìwé náà dé, ó ní, "Ìjọ kan wà lábẹ́ ọ̀pẹ. Ẹranko ni gbogbo ọmọ ìjọ náà." Gbogbo wọn jí.

Ìjọ Abẹ́ Ọ̀pẹ ló sọ ọ́. Lékeléke ló ń dárí orin níbẹ̀, nítorí aṣọ funfun rẹ̀ kì í dọ̀tí. Òkété ni díákónì. Òkété a máa sùn nígbà ìwàásù, bó bá sì jí, iṣu ìkórè á ti dín. Àwọn ọmọ á ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Òkété, báyìí nìwà rẹ!" Akàn ló ń lu agogo. Ní ọjọ́ kan wọ́n ka ìwé pé ọ̀nà ìyè há, ìtìjú sì bá Akàn, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í lọ tààrà. Ó ní wọn kò ní jẹ́ kí òun wọlé láé. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà náà, àwọn tó sanra tó ń rìn tààrà há mọ́ ọn. Akàn fi ẹ̀gbẹ́ wọlé wẹ́rẹ́.

Láti ọjọ́ tó ti sọ ìtàn Akàn yìí, ọmọkùnrin kan ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn wọ kíláàsì ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Àdúràolúwa ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni. Òun nìkan ni Fadékẹ́mi bí, Fadékẹ́mi sì ń ránṣọ nínú fúláàtì tí kò jìnnà sí kànáàlì tó la àdúgbò náà kọjá.

Ẹni tó kéré jù ní Ìjọ Abẹ́ Ọ̀pẹ ni Ẹlírí, eku kékeré tínńtín. Kò ní oyè. Kò mọ orin kọ. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe kò ju kó gbàgbọ́ lọ. Ohunkóhun tí Ọlọ́run bá sọ, Ẹlírí á ní, "Ó dáa. Mo ń bọ̀." Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Adébánjí ní ọ̀nà kan tó ń gbà sọ ìtàn rẹ̀. Kì í sọ òpin ní ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá dùn jù ló ti máa ń dúró. Á wo aago, á ní, "Ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó ní ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní àsíá kan, aláwọ̀ elésè-àlùkò, tí wọ́n fi òwú wúrà gbá etí rẹ̀. Kíláàsì tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá pé jù lọ́sẹ̀ kan, ara ògiri wọn ni wọ́n máa ń gbé e kọ́. Ṣáájú Adébánjí, ọwọ́ Arábìnrin Stella, tó ń kọ́ àwọn ọmọ tó dàgbà, ni àsíá náà máa ń wà. Arábìnrin Stella a máa fún àwọn ọmọ ní bisikíìtì. Adébánjí kò ní bisikíìtì. Ìtàn ló ní. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà ọdún 2001, àsíá ti wà lára ògiri rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá léra. Ó ń wá ìkejìlá.

Ní ọjọ́ ìsinmi náà, òjò ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n ló wá. Adébánjí dìde dúró, ó sọ fún wọn báyìí:

"Ohùn kan pe Ẹlírí láti òdìkejì omi. Ó ní, 'Ẹlírí, máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi.' Ẹlírí ní, 'Ó dáa. Mo ń bọ̀.' Ó sáré dé etí omi. Ojú oró ti bo omi náà, ó tutù yọ̀yọ̀ bí pápá. Ẹlírí bọ́ bàtà rẹ̀, nítorí ibi tí Ọlọ́run bá ti pe èèyàn, ilẹ̀ mímọ́ ni. Ó ká ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó kì í sínú bàtà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ewé ojú oró. Ewé náà kò rì."

Ó wo aago.

"Bàbá, ṣé ó kọjá?"

"Ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Háà! Bàbá Ẹlírí! Wàyó lẹ ń ṣe!" Fikáyọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. "Ẹ kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo."

"Ẹ lọ rò ó wá."

Àdúràolúwa kò pariwo bíi ti àwọn yòókù. Ó dúró títí wọ́n fi jáde tán. Ó wá béèrè pé, "Bàbá, ṣé Ẹlírí gbàgbọ́?"

"Ó gbàgbọ́ dáadáa," ni Adébánjí wí.

Ọmọ náà mi orí, ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn jáde.

Ní ọjọ́ Túsìdé, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ jáde nílé-ìwé, Sùrájù tó ń ta pákó létí kànáàlì rí bàtà ọmọdé níbẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí ibi tí ojú oró ti ya. Ó bẹ́ sínú omi pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, ó sì wá a fún ìgbà pípẹ́ kó tó rí i. Òun ló gbé Àdúràolúwa jáde. Kò sí ẹ̀mí níbẹ̀ mọ́.

Bọ́ọ̀lù rọ́bà kan léfòó láàárín ojú oró náà, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò rí i. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù ni ọmọ náà lé, ó rò pé pápá ni. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bó sì ṣe dúró nìyẹn.

Adébánjí dé ibẹ̀ nígbà tí èrò ti pọ̀. Kò lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Bàtà náà ló rí. Méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, imú wọn kọjú sí omi. Ìbọ̀sẹ̀ funfun wà nínú wọn, ọmọ náà ti ká a dáadáa. Adébánjí dúró. Ó mọ jíjìn omi náà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ni, ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́ta sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òun ló di okùn mú ní ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n.

Kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ sílé.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, gbogbo àwọn ọmọ tó kù wá. Ẹyọ kan kò pa á jẹ, nítorí àwọn òbí wọn fẹ́ kí wọ́n wà pa pọ̀. Alábòójútó ka orí, ó gbé àsíá wá, ó tún gbé e kọ́ sí ara ògiri Adébánjí. Ọ̀sẹ̀ kejìlá nìyẹn. Adébánjí wo àsíá náà. Ó ṣí ìwé ẹ̀kọ́, ó ka ojú ewé kan tí kò mọ ohun tó wí. Nígbà tí Fikáyọ̀ béèrè pé, "Bàbá, Ẹlírí ńkọ́?" ó ní ojú ń dun òun. Ó jáde, kò sì padà sí kíláàsì náà mọ́. Láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ títi fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń bá wọn ṣe.

Fadékẹ́mi kó lọ sí Satellite Town kí ọdún náà tó parí. Ó ní òun kò lè máa gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ kànáàlì.

Oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni ẹlírí náà dé ilé Adébánjí.

Ọ̀sán gangan ni. Yétúndé ń sùn. Adébánjí jókòó sórí àga, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹní. Ó wo ilẹ̀, ó rí i létí ẹní náà. Ẹlírí kékeré, aláwọ̀ eérú. Ẹsẹ̀ iwájú kan wà lórí ẹní. Ìkejì ṣì wà lókè, kò gbé e kalẹ̀. Kò sá. Kò jẹ nǹkan kan. Ó ń wo Adébánjí bí ọmọdé ṣe máa ń wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ tó wá dákẹ́ lójijì.

Ó tún wá ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó lè tó ogún ọjọ́ tí kò ní yọjú, Adébánjí á ní ó ti lọ, yóò kàn bojú wolẹ̀, yóò rí i létí ẹní, ẹsẹ̀ kan lókè.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí Adébánjí rí i tó pariwo, Yétúndé jí, ó ní, "Eku wo? Ilé yìí ò ní eku." Síbẹ̀ ó lọ ra pańpẹ́ lọ́dọ̀ Raheemah tó ń ta ọjà wẹ́wẹ́ lẹ́nu kúlóòsì. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Raheemah, ó ti lọ sí Mẹ́kà, kò sì sí nǹkan tí kì í sọ dẹ̀fẹ̀.

"Dádì," ló kí Adébánjí nígbà tó ń kọjá lọ, "eku yín yìí, ṣé ó jẹ gàrí?"

"Rárá."

"Ó jẹ ọṣẹ?"

"Rárá."

"Ó jẹ Bíbélì?"

"Kò jẹ nǹkan kan, Alhájà."

"Eku tí kò jẹ gàrí, tí kò jẹ ọṣẹ, ẹ̀yin ará! Dádì, ìyẹn kì í ṣe eku. Àlejò ni. Ẹ bi í léèrè ohun tó wá ṣe." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Adébánjí kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ ohun tó wá ṣe. Nígbà tí Yétúndé bá dẹ pańpẹ́, Adébánjí á tú u, á jù ú sínú pàǹtírí. Mẹ́rin ló jù nù. Nígbà tó kan kó ra ẹ̀karùn-ún, Yétúndé ní kí eku máa jẹ ilé náà lọ.

Ọdún méje kọjá báyìí. Adébánjí kì í gba ẹ̀gbẹ́ kànáàlì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ọ̀nà ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án di ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Ó máa ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n tó bá dé ibi tó yẹ kó jẹ́wọ́, ahọ́n rẹ̀ á wúwo. Ohun tó fẹ́ jẹ́wọ́ kò pọ̀. Ó mọ òpin ìtàn náà. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ Sátidé, kó tó ṣí ẹnu ní ọjọ́ ìsinmi. Kò sì sọ ọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, Fikáyọ̀ gbé aṣọ lọ fún aránṣọ kan ní Alákijà, tí kò jìnnà sí Satellite Town. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ó rí i pé Fadékẹ́mi ni aránṣọ. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún díẹ̀. Fadékẹ́mi ní kó sọ nǹkan kan fún òun nípa ọmọ òun, ohunkóhun. Fikáyọ̀ rò ó, ó ní, "Ó máa ń rìn bí akàn, mà. Ìtàn Bàbá Ẹlírí ni. Bàbá ò tiẹ̀ parí èyí tó gbẹ̀yìn."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Fadékẹ́mi. "Èwo ló gbẹ̀yìn?"

Fikáyọ̀ sọ ọ́ fún un. Nígbà tó dé ibi tí Ẹlírí ti ká ìbọ̀sẹ̀, Fadékẹ́mi ní kó dúró.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn Adébánjí. Yétúndé ló ṣí i.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàbọ̀ o. Ta nìyí? Yéè! Mọ́mì Àdúrà! Dádì, ẹ wá wo ẹni tó wá! O rù o. Ṣé Satellite Town ò ní oúnjẹ ni?"

"Oúnjẹ wà, mà. Ọ̀fun ni ò gbà á."

Fadékẹ́mi kúnlẹ̀ kí Adébánjí, ó dìde, ó jókòó sétí àga. Yétúndé gbé omi wá. Kò mu ún.

"Bàbá," ló wí, "mi ò ní pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ni òpin ìtàn Ẹlírí?"

"Ìtàn wo?"

"Èyí tí ẹ sọ ní Sọ́ńdè kí ọmọ mi tó lọ."

"Ó ti pẹ́. Mo ti gbàgbé."

"Bàbá, ẹ ò gbàgbé." Ohùn rẹ̀ kò gbéra. "Ọ̀sán Mọ́ńdè ló fẹ́ sọ ọ́ fún mi. Mo ń rán aṣọ ìyàwó tí wọ́n fẹ́ gbé lọ́jọ́ kejì. Ó ní, 'Mọ́mì, Ohùn pe Ẹlírí.' Mo ní, 'Dúró ná.' Ó tún wá. Ó ní, 'Mọ́mì, ṣé mo gbàgbọ́?' Mo ní, 'Àdúrà, mo ní kí o dúró.' Kò wá mọ́. Àwọn èèyàn ní bọ́ọ̀lù ló lé. Ọdún méje ni mo fi ń wo bàtà yẹn. Ọmọ tó ń lé bọ́ọ̀lù kì í ká ìbọ̀sẹ̀."

Adébánjí bojú wolẹ̀. Ẹlírí wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Fadékẹ́mi.

"Mi ò wá bá yín jà," ni Fadékẹ́mi wí. "Mo fẹ́ mọ ibi tó rò pé òun ń lọ ni."

Yétúndé wo ọkọ rẹ̀. "Dádì, ẹ sọ ọ́ fún un. Ìtàn ọmọdé ṣáà ni. Kí ló le níbẹ̀?"

Adébánjí mú ọwọ́ kúrò lórí orúnkún. Ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ ní kíláàsì, ohùn kan náà, láti ibi tó ti dá a dúró.

"Ewé náà kò rì. Ẹlírí fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kejì. Ó gbọ́ tí omi ń mí lábẹ́ ewé. Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ó jókòó, ó ń sunkún. Ó ní, 'Olúwa, mo gbàgbọ́ o, ṣùgbọ́n ewé yìí ò le.' Akàn yọjú nínú ihò. Ó ní, 'Ta ló ní kí o gba orí ewé?' Ẹlírí ní, 'Ohùn ló pè mí.' Akàn ní, 'Èmi náà gbọ́. Ó ní máa bọ̀. Kò sọ pé kí o gba ibí. Afárá wà lókè lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ó jìn.' Ẹlírí ní, 'Tí mo bá pẹ́, tí Ohùn náà ti lọ ńkọ́?' Akàn ní, 'Ibẹ̀ yẹn gan-an lo ti máa gbàgbọ́.' Ẹlírí wọ bàtà rẹ̀. Ó rìn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Nígbà tó dé òdìkejì, Ohùn náà ṣì wà níbẹ̀. Ó ní, 'Ẹlírí, o dé. Mi ò kánjú.'"

Ẹnìkan ń gún nǹkan ní fúláàtì òkè.

"Ìgbà wo lẹ mọ òpin yìí?" Fadékẹ́mi béèrè.

"Ní Sátidé. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n ní Sọ́ńdè."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

"Àsíá."

"Àsíá wo?"

"Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ fún kíláàsì tó bá pé jù. Mo fẹ́ kí wọ́n padà wá. Ọ̀sẹ̀ kejìlá ni mo ń wá."

Fadékẹ́mi tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ara rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ kejìlá." Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi bo ojú. Kò pariwo. Èjìká rẹ̀ nìkan ló ń mì. Adébánjí jókòó síbẹ̀, kò gbé ọwọ́, kò gbé ẹsẹ̀. Ó ti rò ó fún ọdún méje bí ọjọ́ yìí yóò ṣe rí, ó rò pé Fadékẹ́mi yóò bú òun. Ìbá sàn fún un bó bá bú u.

Yétúndé ló sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin lẹ ń kó pańpẹ́ mi dànù."

"Èmi ni."

"Ọdún méje, lórí àga kan náà, ẹ ò lè sọ fún mi?"

 

Fadékẹ́mi nu ojú, ó wé gèlè rẹ̀ padà. "Èmi náà ní kó dúró," ló wí. "Ẹ̀yin ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ní dúró ná. Mi ò lè sọ pé mo dárí jì yín lónìí, sà. Irọ́ ni màá pa."

"Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o sọ ọ́."

"Ẹ gbọ́ nǹkan míì tí Fikáyọ̀ sọ. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì yẹn ti parí ìtàn náà fúnra wọn. Oníkálukú ló ní tirẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ fún àwọn àbúrò wọn. Bàbá, ṣé ẹ mọ bó ṣe ń parí lẹ́nu èyí tó pọ̀ jù nínú wọn?"

Adébánjí gbé ojú sókè.

"Ó sáré kọjá lórí ewé. Wọ́n ní torí pé ó gbàgbọ́." Ó dìde. "Kànáàlì ṣì wà níbẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá. Ojú oró ti bò ó délẹ̀."

Ó kí Yétúndé, ó lọ.

Adébánjí jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ojú Fadékẹ́mi ló ti ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ yìí. Kò rò ó rí pé ìtàn náà ń rìn kiri nílùú láìsí òun. Ó rò pé òun ti pa á mọ́nú. Àṣé ilẹ̀kùn nìkan ló tì. Ó pe Yétúndé, ó ní kó bá òun wá nọ́ńbà bàbá Fikáyọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó wọ kíláàsì tí kò wọ̀ fún ọdún méje. Olùkọ́ ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yíwọlá, fi àyè sílẹ̀ fún un. Ọmọ mẹ́rìnlélógún ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn tí Adébánjí kọ́ níbẹ̀ nígbà náà tò sí ara ògiri lẹ́yìn. Mọ́kànlá ni wọ́n, Fikáyọ̀ ló pè wọ́n jọ. Àwọn ọkùnrin ti ní irùngbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Fadékẹ́mi, tí Fikáyọ̀ ti sọ fún, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

Adébánjí kò kí wọn. Ó ní, "Ẹlírí kò gba orí ewé. Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó lọ gba orí afárá. Ó pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé. Òpin ìtàn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀."

"Háà!" ọmọbìnrin kékeré kan ní iwájú wí. "Bàbá, ẹ ti bà á jẹ́! Ẹ ti sọ òpin!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Jókòó."

Ó sọ ọ́ láti orí, ó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí àwọn tó wà lára ògiri. Ó ní, "Àdúràolúwa kò lé bọ́ọ̀lù. Ó lọ wá òpin ìtàn tí mo fi pamọ́. Nítorí àsíá ni mo ṣe fi í pamọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi ìyá rẹ̀." Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Fikáyọ̀ kò sunkún. Ó ń wo Adébánjí bí ẹni pé kò rí i rí. Nígbà tí Adébánjí wo ẹnu ọ̀nà, Fadékẹ́mi ti lọ. Kò mọ ibi tó bá ìtàn náà dé kó tó yí padà.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin kan já wọlé, ó pẹ́ dé, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Yíwọlá ní kó lọ jókòó, wọ́n ti parí. Adébánjí ní kí ó dúró. Ó pe ọmọ náà mọ́ra, ó sì sọ òpin ìtàn náà fún un kó tó béèrè orúkọ rẹ̀.